Adití Tó Wọ Nọ́mbà Márùn-ún, Tí Kò Tọrọ Gáfárà Lọ́wọ́ Ẹnikẹ́ni

A bí Bàbá wa ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 1947, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé kan tó kọjú sí ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Bàbá tó bí wọn jẹ́ aṣàtúnṣe ọkọ̀ ojú irin, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ-ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ìdílé tí ń lu irin títí irin yóò fi gbà. Ìyá wọn jẹ́ aránṣọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bàbá ni àkọ́bí nínú ọmọ méjì. Èkejì ni àbúrò wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ẹni tí Ọlọ́run dá sí títí di òní, tó sì sọ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ óò kà níbí fún wa.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ ká la ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé Bàbá “ṣẹ́gun dídi etí.” Irọ́ ni. Bàbá kò ṣẹ́gun etí wọn. Adití ni wọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́rin títí wọ́n fi dákẹ́ ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Àwọn tó ní kí wọ́n lọ jókòó sílé ni wọ́n ṣẹ́gun.

Ní ọdún 1951, ibà líle kan tó ń mú ọrùn gan dá Bàbá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí ibà náà lọ, ó kó etí méjèèjì dání lọ. Ìyá wọn ló kọ́kọ́ fura: ìkòkò já bọ́ lẹ́yìn ọmọ, ọmọ kò wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn kan wá kí wọn, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà lóko, kí ìtìjú má baà bá ìdílé. Ìyá wọn kò tilẹ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ. Ó ní, “Etí ló lọ. Ọmọ mi ò lọ síbì kankan.” Láti ọjọ́ náà ni òun àti ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá èdè tiwọn sílẹ̀. Bí Bàbá bá pa àtàǹpàkò pọ̀ mọ́ ìka kan, bí ẹni mú abẹ́rẹ́, “Ìyá” nìyẹn. Bí wọ́n bá ju ìkúùkù sílẹ̀ bí òòlù, “Bàbá” nìyẹn. Àǹtí bá èdè náà nílé nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò mọ̀ títí òun fi wọ ilé ìwé pé kì í ṣe gbogbo ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ní ọdún 1954, ọ̀gá ilé ìwé àdúgbò wo Bàbá láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ilé ìwé àwọn tó ń gbọ́ lòun ń darí. Bàbá àgbà mú ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di ilé ìwé àwọn adití, níbi tí Bàbá ti lo ọdún mẹ́wàá. Ẹ má rò pé ibẹ̀ sàn. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ gbà pé ẹnu nìkan ni ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, wọn a fi rúlà gbá a níka. Tó bá tún ṣe é, wọn a fi aṣọ so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga. Ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí olùkọ́ kankan kì í dé nítorí èéfín, ni àwọn ọmọ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ tẹ́rùn. Bàbá máa ń sọ pé ibẹ̀ ni ilé ìwé gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ènìyàn, ìbàdí ẹni náà yóò ti jẹ́wọ́ ibi tó ń lọ. Ọ̀pọ̀ elétí ló wà tí kò mọ̀ pé ìbàdí ń sọ̀rọ̀. Ní 1964, Bàbá jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kan àti ẹsẹ̀ òsì kan. Ẹsẹ̀ òsì ni ayé wá mọ̀.

Ní ọdún 1965, wọ́n gba Bàbá sí ilé ìtẹ̀wé kan láti máa to lẹ́tà òjé. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni méjì tó fẹnu kan etí ara wọn kò lè gbọ́ra. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń fi ọwọ́ júwe ọ̀rọ̀, wọn kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, Bàbá di olùkọ́ fún elétí. Fọ́máànù ilé iṣẹ́ náà, ọkùnrin tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju ìyàwó rẹ̀ lọ (ìyàwó náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wa), ń wo bí Bàbá ṣe ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ àwọn akẹgbẹ́ wọn nígbà ìsinmi ọ̀sán, láàárín àwọn àgbá íǹkì. Ní oṣù kejì ọdún 1969, ó mú wọn lọ bá Kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú.

Kóòṣì ní kí Bàbá lọ dúró sáàárín ẹ̀yìn, níwájú aṣọ́lé, kí òun wò wọ́n fún ìdajì eré. Nígbà tí ìdajì eré parí tí ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ kọjá, ó pe Àǹtí, tó bá wọn wá láti máa túmọ̀, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n gbá, mi ò jiyàn. Àmọ́ tó bá lọ síwájú jù, báwo ni mo ṣe máa pè é padà?”

Àǹtí, ọmọ ogún ọdún, dáhùn pé, “Ẹ ò ní pè é, sà. Á ti padà kẹ́ ẹ tó rántí.”

Kóòṣì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní kí Bàbá wá lọ́jọ́ Ajé.

Àmọ́ ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn kò kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, dókítà ìgbìmọ̀ líìgì kọ ọ́ pé ẹni tí kò gbọ́ fèrè rẹfirí léwu fún ara rẹ̀ àti fún ẹlòmíràn. Fún oṣù mẹ́rìnlá gbáko, Bàbá ń bá ẹgbẹ́ ṣe ìdánrawò láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń dúró lẹ́yìn wáyà lọ́jọ́ ìdíje. Wọn kò pa ọjọ́ ìdánrawò kan ṣoṣo jẹ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ gbà láti gbọ́ ẹjọ́ wọn ní oṣù kọkànlá ọdún 1970, Alága wo ojú Àǹtí, ó ní, “Bá wa sọ fún un pé a ò kórìíra rẹ̀ o.”

Bàbá gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Gíláàsì omi Alága fò sókè. Bàbá fọwọ́ sọ̀rọ̀, Àǹtí sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, kò fi iyọ̀ kún un, kò sì fi omi là á: “Èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ojú mi ni kẹ́ ẹ wò.”

Alága yí àga rẹ̀ padà. Bàbá wá sọ ohun tí wọ́n bá wá: kí ìgbìmọ̀ mú rẹfirí tó bá wù wọ́n wá sórí pápá, kí wọ́n jẹ́ kí èrò kún un, kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí ẹni tó máa kọ́kọ́ dúró nígbà tí fèrè bá dún.

Ọjọ́ Sátidé kan ni wọ́n ṣe é. Ìròyìn ti tàn, èrò ti ya bo pápá, wọ́n ń lu agolo, wọ́n ń pariwo bí ẹni tí wọ́n háyà. Nígbà mẹ́tàdínlógún ni rẹfirí fun fèrè. Dókítà fúnra rẹ̀ ló mú bírò, tó ń kọ ẹni tó kọ́kọ́ dúró àti ẹni tó kẹ́yìn. Bàbá ló kọ́kọ́ dúró nínú mẹ́sàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n kẹ́yìn. Ẹni tó pẹ́ jù lọ ni balógun ẹgbẹ́ kejì, ọkùnrin tí etí rẹ̀ dá ṣáká, tó gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn fèrè, tó sì ń sáré yọ̀ káàkiri pápá. Wọ́n bi Bàbá bí wọ́n ṣe ń mọ̀. Ìdáhùn wọn kò gùn: “Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹfirí máa ń wú kó tó fun ún. Tí mi ò bá rí rẹfirí, mo máa ń wo èjìká àwọn yòókù.” Rẹfirí fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Dókítà ká ìwé rẹ̀, ó ní, “Mo ṣì ní ó léwu.” Alága dá a lóhùn pé, “Dókítà, tó bá jẹ́ ti fèrè ni, àwọn elétí yìí ló yẹ ká kọ́kọ́ lé.”

Bàbá gba aṣọ nọ́mbà márùn-ún ní oṣù kìíní ọdún 1971. Wọn kò bọ́ ọ títí di 1983. Ìdíje okòólélọ́ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n gbá fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Ní ìdíje àjò wọn àkọ́kọ́, gbogbo èrò pápá ń ké “Adití! Adití!” láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ara Bàbá ló balẹ̀ jù nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Nígbà tí Àǹtí sọ ohun tí wọ́n ń ké fún wọn nínú bọ́ọ̀sì, Bàbá ní, “Ó dáa. Wọ́n mọ orúkọ mi.” Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ìyá wọn jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó rán ADITÍ gàdàgbà sẹ́yìn aṣọ náà. Ìgbìmọ̀ líìgì kọ̀wé pé kí wọ́n tú u. Wọ́n tú u; Ìyá rán òmíràn. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n tú u, ìgbà mẹ́rin ni Ìyá rán an. Àwọn tí kò mọ ìdílé wa ní àwàdà ni. Àwàdà kọ́. Bí ènìyàn bá sọ orúkọ rẹ di èébú, tí o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí o fi ṣe ẹ̀ṣọ́, kí ló tún kù tó fẹ́ fi bú ọ?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ní ẹ̀rín nínú. Ní 1973, rẹfirí kan fun fèrè lẹ́yìn Bàbá, wọn kò rí i, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lọ. Rẹfirí kà á sí àfojúdi, ó yọ káàdì pupa. Àǹtí ní ọjọ́ yẹn nìkan lòun rí wọn tí wọ́n sunkún ní yàrá ìmúra, tí wọ́n fi tówẹ́ẹ̀lì bo orí, tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá bo ojú adití ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ti tiwọn lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà sí ilé ìtẹ̀wé, wọ́n to lẹ́tà òjé, wọ́n sì tẹ ìwé kan náà ní ẹ̀dà méje, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, sí àwọn ìwé ìròyìn, àti sí ẹgbẹ́ àwọn rẹfirí. Ohun tí wọ́n bèèrè kò ju pé kí rẹfirí máa gbé ọwọ́ sókè bó ṣe ń fun fèrè. Ó gba oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó gbà, fún ìdíje tí Bàbá bá wà nìkan. Kí ọdún tó yí po, àwọn rẹfirí rí i pé àwọn elétí pàápàá ń tètè dúró. Ni wọ́n bá ń gbé e sókè ní gbogbo ìdíje líìgì náà. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níbí.

Ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1974, Bàbá fẹ́ Ìyá wa, tó ń tẹ táìpù ní ọ́fíìsì ilé ìtẹ̀wé náà. Ìyá wa ń gbọ́. Ó kọ́ èdè ọwọ́ láàárín oṣù mẹ́ta nítorí, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ó fẹ́ mọ ohun tí Bàbá ń sọ tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ìyàwó kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ó ní, “Tí ọmọ bá ń ké, ta ló máa gbọ́?” Ìyá ìyàwó, tó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Ẹ̀yin tí etí yín dá ṣáká yìí, ọmọ mẹ́fà la bí. Ìgbà wo lẹ dìde rí?” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí àkọ́bí dé, Bàbá so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹsẹ̀ ọmọ mọ́ ọrùn ọwọ́ ara wọn. Bí ọmọ bá ti ta ẹsẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n ti dìde, kí ó tó ké rárá. Ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi okùn náà tọ́. A kò mọ bó ṣe ń rí kí ọmọ ké títí kí ẹnikẹ́ni má dáhùn.

Ní 1977, ẹgbẹ́ dé ìparí ìdíje ife ẹ̀yẹ. Aṣọ́lé àgbà farapa, wọ́n sì fi ọ̀dọ́ kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, rọ́pò rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù, ọ̀mì ni, bọ́ọ̀lù gíga kan ń bọ̀. Ọ̀dọ́ náà ké pé, “Fi í sílẹ̀ fún mi!” Ó gbàgbé ẹni tó ń ké sí. Àwọn méjèèjì forí sọra, bọ́ọ̀lù sì rọra yí wọ gólì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìwé ìròyìn fi etí Bàbá sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Dókítà ọjọ́sí rí àyè sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí Bàbá fẹ̀yìn tì wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀dọ́ aṣọ́lé náà wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ojú rẹ̀ wú. Ó ń tún un sọ pé, “Èmi ni mo gbàgbé, Bọ̀ọ̀dá. Mo máa sọ fún wọn.” Bàbá fi sùúrù wò ó títí ó fi sọ tán. Wọ́n wá lọ mú bàtà wọn. Ìyá wa túmọ̀ ohun tí wọ́n sọ: “Wọn ò ní gbà ẹ́ gbọ́. Wá ká lọ ṣe ìdánrawò.” Fún ọdún méjì, àwọn méjèèjì ń ṣíwájú gbogbo ẹgbẹ́ dé pápá ní wákàtí kan. Bàbá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bojú wẹ̀yìn láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró, ọ̀dọ́ náà ń kọ́ láti pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kó máa fi ìbọ̀wọ́ sọ̀rọ̀: ìkúùkù, “gbá a”, àtẹ́lẹwọ́, “tèmi ni.” Ní 1979 wọ́n tún dé ìparí. Ẹyọ gólì kan ni ẹgbẹ́ wa fi ń síwájú, bọ́ọ̀lù gíga tún bọ̀ ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Bàbá bojú wẹ̀yìn. Ìkúùkù ni wọ́n rí. Wọ́n fi ẹsẹ̀ òsì gbá a jáde lórí ìlà gólì fúnra rẹ̀, ó sì bọ́ sáàárín àwọn oníròyìn. Àwọn kan ní Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bàbá kò bá wọn jiyàn.

Ní ti ìgbàgbọ́, Bàbá fẹ́ràn Ọlọ́run, wọ́n sì ní ìjà díẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ní 1981, pásítọ̀ àlejò kan pè wọ́n síwájú ìjọ, ó ti ìka bọ̀ wọ́n létí, ó ń mì wọ́n jìgìjìgì. Bàbá fara dà á díẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n yọ ìka náà, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n sì padà sí àga wọn. Ìjọ kò rí wọn fún ọdún kan lẹ́yìn náà. Pásítọ̀ àgbà ló wá sílé wá bẹ̀ wọ́n, ó sì bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹni tí yóò máa fi ọwọ́ túmọ̀ ìwàásù. Láti ọjọ́ náà, ìlà ìjókòó iwájú lápá òsì di ti àwọn adití títí di òní.

Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì lórí pápá ní 1983, wọ́n gbájú mọ́ iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọ adití sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ́ wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ náà di agbábọ́ọ̀lù líìgì. Ní 1998, àwọn kan fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ gíláàsì, tí wọ́n kọ “Fún Ẹni Tó Borí Àléébù Rẹ̀” sí lára. Bàbá fi páálí dì í dáadáa kó má baà fọ́, wọ́n dá a padà, wọ́n fi lẹ́tà sí i: “Ẹ kọ iye ìdíje tí mo gbá sí i, kí ẹ tún fi ránṣẹ́.” Wọn kò fi ránṣẹ́ mọ́. Àyè rẹ̀ ṣófo lórí pẹpẹ ní yàrá àlejò wa, Bàbá kò sì jẹ́ ká gbé nǹkan mìíràn síbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, àrùn jẹjẹrẹ dé sí ẹ̀dọ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì kan tó ní inú rere máa ń bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ wọn, á máa pariwo sí wọn létí pé, “Bàbá, ṣé ara le?” Bàbá gba bírò, wọ́n kọ ọ́ fún un pé, “Ọmọ mi, má fi ohùn rẹ ṣòfò. Ọkọ rẹ ṣì máa nílò rẹ̀.” Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Kó tó lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó ti mọ àmì ọwọ́ mẹ́wàá. Ó wà láàárín wa lónìí. Bàbá sùn nínú Olúwa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2021, ọwọ́ wọn kan nínú ọwọ́ Ìyá wa, èkejì nínú ọwọ́ Àǹtí. A kò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn, nítorí ìka wọn sọ ọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ Ìyá wa, Ìyá wa sì ní ti òun ni.

Bàbá fi aya wọn ọ̀wọ́n sílẹ̀ sáyé. Àbúrò wọn obìnrin, Àǹtí. Ọmọ mẹ́rin: nọ́ọ̀sì, olùkọ́ ilé ìwé àwọn adití (níbi tí a kì í so ọwọ́ ọmọ kankan mọ́), awakọ̀ ojú irin, àti atẹ̀wé. Ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ adití, tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá rárá, ṣùgbọ́n tí ó mọ ìṣirò bí idán. Àti ọ̀pọ̀ ọmọ orí pápá tí wọ́n ń pè wọ́n ní Bàbá.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan, bí ẹ bá sì fẹ́, ẹ pè é ní àṣẹ. Lẹ́bàá ibojì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ pé etí Bàbá ti là lọ́run. A mọ̀ pé ìfẹ́ ló máa ń mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, ṣùgbọ́n Bàbá kò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ pé kó la etí wọn, láyé tàbí lókè. Bí ọ̀run bá dára tó bí wọ́n ṣe ń wí, àwọn tó ti wà níbẹ̀ ni kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọ́ èdè ọwọ́. Àkókò wà fún wọn, olùkọ́ sì ti dé.

Bàbá wa, ẹ lọ kọ́ wọn. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, kí ẹ sùn re.